Ebìrìpò Ẹyọ Kan

Sábó, Ṣàgámù.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023.

Kareemat ọmọ mi,

Àsàlámù àláékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Leeds yẹn? Ṣé òtútù ò tíì gbé yín mì? Èmi wà dáadáa, àfi etí mi tó túbọ̀ ń di. Nígbà tí o pè lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fàtíà àbúrò mi gbé fóònù sí mi létí, mo kàn ń ṣe "ẹ̀n ẹ̀n" ni, n kò gbọ́ kiní kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká padà sí lẹ́tà. Ẹni tó bá ń lọ á mú tèmi lọ, ẹni tó bá ń bọ̀ á mú tìrẹ bọ̀. Mo mọ ìwé kọ, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá mi ka ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi.

Oyèbọ̀dé, ọmọ ìyá aláṣọ iwájú ilé wa, ló ń mú èyí bọ̀. Ó ní ẹrù òun ti wúwo. Mo ní ẹrù ta ni kì í wúwo? Gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa wà níbẹ̀, èlùbọ́ wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ àti edé náà wà níbẹ̀. Kí o jẹ ẹ́ kó dé ìsàlẹ̀ ikùn. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀.

Àkókò obì ti dé, agbọ̀n ti kún inú ilé débi pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń rìn. Àwọn tí a jọ ń ta gbànja ṣì ń béèrè rẹ. Wọ́n ní, "Akúnlé ńkọ́? Ṣé ó ṣì rí bó ṣe rí?" Mo ní ṣé wọ́n rò pé ọmọ tí èmi bọ́ lè rù ni? Mo ti kun yàrá rẹ. Ìgbà wo lo ń bọ̀? Àjò ò dùn kí onílé má relé. Lọ́jọ́ tí o bá wọlé, ebìrìpò ni màá fi pàdé rẹ, kókò tí mo fọwọ́ ara mi rin, abọ́ kíkún bámúbámú. Kọ ohun tí ò ń jẹ níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, má fi nǹkan kan pa mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àlíyù.


Leeds.
Ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá, ọdún 2023.

Bàbá mi,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, mo sì kí Àǹtí Fàtíà. Ẹrù dé ọwọ́ mi. Bí mo ṣe tú u ni òórùn ẹja yẹn gba gbogbo yàrá, mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sí àárín rẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọdé. Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Ẹ ò ní ṣàárẹ̀ o.

Ẹ ní kí n sọ ohun tí mò ń jẹ. Gbogbo nǹkan ni. Ẹ mọ̀ pé àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, tí mò ń fi ṣíbí bọ́. Tí mo bá ti bọ́ wọn tán, mo máa ń jẹ búrẹ́dì nínú bọ́ọ̀sì kí n tó délé. Tí mo bá délé, màá tún te ẹ̀bà tí ẹni mẹ́ta lè jẹ kí ó ṣẹ́kù, màá dá jókòó tì í. Kì í ṣe pé ebi ń pa mí. Ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́ yìí ni mò ń wá nǹkan fi dí. Ìgbà tí mo bá ń jẹun nìkan ló máa ń ṣe mí bíi pé mo wà ní Sábó, tí ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ẹ ń sọ pé, "Fi kún un."

Ní báyìí ṣá, dókítà ti ní kí n dẹ́kun oúnjẹ díẹ̀. Omi ọbẹ̀ àti mílíìkì lásán ni mò ń mu, nítorí ìtọ́jú kékeré kan tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi. Orúnkún mi ló ń yọ mí lẹ́nu, ẹ má dààmú. Ẹ ṣáà fi mí sínú àdúà.

Ọmọ yín,
Kareemat.


Sábó, Ṣàgámù.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Kareemat,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo bi ọ́ nítorí pé n kò rò pé dáadáa lo wà.

Adéyọ̀sọ́lá tó lọ́kọ sí Leeds wá kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ó yà wá kí mi. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní, "Bàbá, ẹ wo Kareemat, ẹ wo bó ṣe lẹ́wà!" Mo wò ó. Mo ní, "Ta nìyí?" Ó tún ní Kareemat ni. Mo lọ mú awò ojú mi. Kareemat, egungun ọrùn rẹ ni mo rí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti wọlé. Aṣọ tí mo rà fún ọ lọ́dún tí o lọ ń fì lára rẹ bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ igi. Ṣé orúnkún ni wọ́n tọ́jú ni gbogbo ara fi tán báyìí?

Kò tíì tán. Ìyá Oyèbọ̀dé ní ọmọ òun ló ń jẹ gààrí tí mo fi ránṣẹ́. Ó ní ìwọ lo gbé e fún un, àti gààrí àti èlùbọ́. Mo ní kò lè jẹ́ òótọ́. Ta ló ń fi ìyà jẹ ọ́ níbẹ̀? Àbí àìsàn tí a kì í dárúkọ ni?

N kò lè jókòó kí n máa wò. Mo ṣe sàráà. A se ìrẹsì, a din mọ́sà, àwọn ọmọ kéú jẹ títí wọ́n fi ń tú bẹ́líìtì. Alífáà Ṣẹ̀rífù ló ṣáájú àdúà. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí oúnjẹ tún máa wù ọ́ jẹ, kí ikùn rẹ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa ṣe àmín, tèmi ló ròkè jù.

Fèsì kíákíá.

Bàbá rẹ.


Sábó, Ṣàgámù.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin, ọdún 2024.

Kareemat,

A kú ọdún. Ààwẹ̀ ti lọ, a ti túnu. Mo kọ̀wé sí ọ kí ààwẹ̀ tó dé, o kò fèsì.

Lọ́jọ́ ọdún mo se ebìrìpò. Mo yọ tìrẹ sọ́tọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ tí o ti lọ, mo fi àwo dé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti kan. Fàtíà fẹ́ dà á nù, mo ní kó fi í sílẹ̀.

Bí o bá ń ṣàìsàn, sọ fún mi. Bó bá jẹ́ pé mo ṣẹ̀ ọ́ ni, sọ. Èmi ò mọ ohun tí mo ṣe.

Àlíyù.


Leeds.
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ẹ forí jì mí. Lẹ́tà yín méjèèjì dé ọ̀dọ̀ mi. Èsì ló ṣòro láti kọ. Ẹ ò ṣẹ̀ mí, mi ò sì ní àìsàn tí a kì í dárúkọ.

Ìtọ́jú tí mo sọ yẹn kì í ṣe ti orúnkún. Mo ti sanra jù, àtọ̀gbẹ ti bẹ̀rẹ̀ lára mi, ẹ̀jẹ̀ mi sì ń ru. Tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ilé mi, mo máa ń dúró lágbede méjì bí ẹni tó ń ronú, kí àwọn ará ilé má baà mọ̀ pé èémí ló tán. Lọ́jọ́ kan, màmá arúgbó kan ṣubú níbi iṣẹ́. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ gbé e. Àwa méjèèjì ń wo ara wa, òun nílẹ̀, èmi lórí ìdúró, títí ẹlòmíì fi dé. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Àpò oúnjẹ tó wà nínú ikùn mi ni wọ́n gé. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n mú kúrò, èyí tó ṣẹ́kù kò ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ.

Omi ni mo kọ́kọ́ ń mu, lẹ́yìn náà oúnjẹ lílọ̀ bíi ti ọmọ tí ò tíì héyín, kí wọ́n tó yọ̀ǹda ẹyin àti ẹja. Ẹja tàbí ẹran ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ kí n tó kan nǹkan míì. Mi ò gbọ́dọ̀ mu omi mọ́ oúnjẹ. Màá rún un lẹ́nu títí á fi kúnná. Tí mo bá fi òkèlè kan lé e lẹ́yìn tí mo ti yó, àyà mi á dì, màá sì bì í. Ẹ̀bà kì í lọ rárá, ó ń há mi láyà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé gààrí fún Oyèbọ̀dé, mi ò lè máa wò ó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mo ń gun àtẹ̀gùn mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyìí, Bàbá mi. Ìfúnpá mi ti wálẹ̀.

Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ sàráà yẹn, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Ohun tí mo fi ọ̀bẹ lé jáde lára mi ni gbogbo Sábó kóra jọ tí wọ́n ní kí Ọlọ́run dá padà!

Ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń ṣàárò jù? Ebi. Ebi tilẹ̀ ti lọ. Aago ló ń sọ fún mi pé kí n jẹun. Mò ń ṣàárò ebi àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ebìrìpò ń hó nínú ìkòkò, tí òórùn ewé ń jáde, tí mo jókòó ti ìdí iná, tí ẹ ń sọ pé, "Akúnlé, sún sẹ́yìn, ooru á jó ọ." Ebi yẹn dùn ju oúnjẹ fúnra rẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ pé nǹkan ìní ni, àfìgbà tí mi ò ní in mọ́.

Mo fẹ́ wálé lóṣù Kejìlá. Àmọ́ abọ́ yín ń bà mí lẹ́rù. Ẹ máa gbé e kalẹ̀ ní kíkún, mi ò ní lè jẹ ẹ́ dé ibì kankan, ẹ ó wá rò pé ẹ̀yin ni mo kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá bí mo ṣe wà yìí?

Ọmọ yín,
Kareemat.


Sábó, Ṣàgámù.
Ọjọ́ keje, oṣù Keje, ọdún 2024.

Kareemat,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á, mo gbé e sílẹ̀, mo lọ ṣa obì díẹ̀, mo tún padà wá kà á.

Ìwọ àti dókítà jókòó, ẹ jọ pinnu, wọ́n gé e, ojú rẹ̀ jinná tán, ó wá kan bàbá. O ṣeun.

Ó yẹ kí n sọ ìtàn kan fún ọ tí n kò sọ tán rí. O mọ̀ pé Bánkẹ́ ìyá rẹ kú kí o tó já ọmú. O ò mọ bí o ṣe ṣe lẹ́yìn náà. O kọ gbogbo oúnjẹ. Wàrà inú agolo, o bì í. Ẹ̀kọ, o pa ẹnu dé. Ó kù díẹ̀ kí ọrùn rẹ má lè gbé orí rẹ mọ́. Àwọn ẹbí ìyá rẹ wá láti Irolu, wọ́n ní kí n gbé ọmọ wá, pé ọkùnrin kì í tọ́ ọmọ, pé obì nìkan ni mo mọ̀ ọ́n tọ́jú. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ìyá Oyèbọ̀dé ló kọ́ mi ní ebìrìpò. Mo ń rin kókò, mo ń rin èékánná mi mọ́ ọn. Mo fọ́ ẹja sí i, mo pọ́n ọn ní kékeré, mo ń fi ìka bọ́ ọ. Òun lo kọ́kọ́ gbé mì. Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ́ kí ẹnu rẹ dilẹ̀ mọ́. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ yọ tán, mo gbé ọ kọ́ ọrùn, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Irolu, kí wọ́n wá wo ọmọ tí ọkùnrin tọ́.

Ara tí o gbé fún àwọn òyìnbó pé kí wọ́n gé, èmi ni mo kọ́ ọ bí ẹni kọ́lé, ebìrìpò kan lé òmíràn.

O wá ní kí n má gbé abọ́ síwájú rẹ. Kí ni kí n wá fi gbà ọ́ lálejò? Ṣé kí n jókòó kí n máa wò ọ́ ni? N kò mọ ọ̀nà mìíràn. Bó bá jẹ́ pé báyìí lo ṣe máa wá, kí o dúró ná.

Àlíyù.


Leeds.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé, ọ̀rọ̀ "dúró ná" yẹn ni kò jẹ́ kí ọwọ́ mi gbé bíírò.

Mi ò mọ ìtàn yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ tọ́ mi, mi ò mọ̀ pé ẹ já mi gbà lọ́wọ́ ikú. Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan, kí ẹ má bínú. Ara tí ẹ kọ́ yẹn náà ló dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọ̀bẹ, tó sì jí padà. Ilé yín ò wó, Bàbá mi. Mo kàn dí yàrá kan pa nínú rẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo se ebìrìpò. Kókò ti gbẹ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, kò sì sí ewé, ọ̀rá ni mo pọ́n ọn sí. Ó jinná, àmọ́ kò ní òórùn. Mo jẹ ìdajì ẹyọ kan, mo yó. Mo wá jókòó, mò ń wo èyí tó kù, ó ń ṣe mí bíi pé ẹ wà lódìkejì tábìlì, tí ẹ ti bínú kọjú sí ògiri. Àárò yín sọ mí títí mo fi gbé àwo náà mọ́ àyà.

Mi ò ní kí ẹ má gbé abọ́ kalẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé tí mo bá ṣíwọ́, kí ẹ jẹ́ kí n ṣíwọ́, kí ẹ má kọjú sí ògiri. Wọ́n ti fún mi ní ìsinmi níbi iṣẹ́. Bí ẹ ò bá kọ̀wé, màá mọ̀ pé kí n dúró lẹ ṣì ń sọ.

Akúnlé yín, tí kò kún ilé mọ́,
Kareemat.


Sábó, Ṣàgámù.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Kareemat ọmọ mi, ọmọ Bánkẹ́,

Àsàlámù àláékùn. Mo pẹ́ kí n tó fèsì, má bínú. Ìbínú kọ́ ló fà á, iṣẹ́ ni mò ń kọ́.

Kò rọrùn láti pọ́n ebìrìpò kékeré. Ọwọ́ mi ti gbàgbé, abọ́ kíkún ló mọ̀. Ewé ń ya, kókò ń dà síná, Fàtíà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà ń ṣeré bojúbojú nínú ilé ìdáná. Nígbà tó yá, mo lọ ṣa àwọn ewé tínínní tí a fi ń bo obì, mo fọ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà á. Ó tóbi tó gbànja kan péré. Mo fi ẹja sí i ju kókò lọ, bí dókítà rẹ ṣe wí.

Mo wá ní kí n jẹ ẹ́ bí ìwọ ṣe ń jẹun. Ẹyọ kan. N kò mu omi sí i. Mo rún un títí ó fi kúnná. Kareemat, iyọ̀ ló kọ́kọ́ kí mi! Láti ọdún tí mo ti ń se é, mo ń yára gbé e mì, n kò mọ̀ pé iyọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. O jẹ ẹ́ dàgbà, o ò sọ. Mo ti dín in kù.

Alífáà Ṣẹ̀rífù náà ti gbọ́. Mo ní kó bá mi yí àdúà yẹn padà. Ó ní èyí tó ti lọ ò ṣeé pè padà, pé òun á ṣe òmíràn lé e.

Bí mo ṣe ń rún ẹyọ kan yẹn, mo rántí ohun tí n kò kọ sínú lẹ́tà ìbínú yẹn. Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ gbé ebìrìpò mì, ẹyọ kan lo jẹ. O jẹ ẹ́ tán, o yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, o sùn. N kò fi òmíràn tì ọ́ lẹ́nu. Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo ń pariwo láàárín Sábó pé, "Ó jẹun o! Ó jẹ ẹyọ kan!" Àwọn onígbànja dìde, ìyá Oyèbọ̀dé bú sẹ́kún, wọ́n ń bá mi yọ̀ bí ẹni pé ọjọ́ náà ni wọ́n bí ọ. Ẹyọ kan ni gbogbo àdúgbò yọ̀ sí, ọmọ mi. N kò mọ ìgbà tí ẹyọ kan di ohun tí kò tó lójú mi.

Máa bọ̀. Bí o bá jẹ ìdajì tí o ṣíwọ́, n kò ní wo ògiri. Màá fi bàtà mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, màá jáde lọ sọ fún wọn pé o jẹun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àlíyù.